Ìbàdàn, Ilé sí Ilé: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tó Ń Ti Òjòkú àti Ọ̀fà Bọ̀

Bí àlejò bá wọ Òjòkú tàbí Ọ̀fà, ìbéèrè tí àgbà máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ilé wo lẹ ń lọ?" Ẹ mú ìbéèrè yẹn dání lọ sí Ìbàdàn, nítorí òun ló ń ṣílẹ̀kùn ìlú náà. Ìbàdàn fẹ̀ débi pé ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló pín in mọ́wọ́. Ẹni tó bá gbójú lé máàpù orí fóònù nìkan yóò rí òrùlé páánù tó ti dípatà lọ bẹẹrẹbẹ, yóò sì padà sílé láìmọ ohun tó rí.

Agboolé ló bí Ìbàdàn. Ní nǹkan bí 1829, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbẹ̀. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan yan ilẹ̀ tirẹ̀, ó kó ẹbí, ọmọ ogun àti ẹrú rẹ̀ jọ yí ara rẹ̀ ká. Bí ilé ṣe ń gbòòrò, orúkọ onílé di orúkọ àdúgbò. Nítorí náà, ẹ béèrè ilé kí ẹ tó béèrè títì.

Láti Ọ̀fà dé Ìwó Road

Ẹ gbéra ní ìdájí. Ọkọ̀ tó bá kúrò ní gáréèjì Ọ̀fà máa ń gba Ìkìrun, Òṣogbo, Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Àṣẹ́jìrẹ́ kó tó já sí Ìwó Road. Ẹ má sùn títí ẹ ó fi kọjá Ìkìrun, torí ibẹ̀ ni ìtàn Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ fún ará ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó ogun Ìbàdàn wá pàdé ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà níbẹ̀. Àwọn tó ń sá já lu odò Ọ̀tìn, ọ̀pọ̀ sì bómi lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Ilé irú àwọn jagunjagun bẹ́ẹ̀ lẹ ń lọ wò.

Nínú Ìbàdàn, ọkọ̀ Micra, kòròpé, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà ló ń gbé èrò. Ẹ kó owó kéékèèké lọ́wọ́, kí ẹ sì béèrè iye owó kí ẹ tó wọlé.

Ọjọ́ kìíní, òwúrọ̀: Mápó àti Ọjà'ba

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí òkè Mápó. Gbọ̀ngàn olópòó ńlá tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ṣí ní 1929. Ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn rẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀: òrùlé fara ti òrùlé, ojúlé kọjú sí ojúlé, ọ̀nà tóóró ń gba àárín wọn kọjá. Ọjà tó wà nísàlẹ̀ ni Ọjà Ìbà, èyí tí ẹnu ti sọ di Ọjà'ba. Ìbà Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run Ìbàdàn, ló ni orúkọ náà, ẹ̀bá ibẹ̀ ni ilé rẹ̀ sì wà. Ìyẹn ni wọ́n fi ń ki ìlú náà ní ilé Olúyọ̀lé.

Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn níbí. Ẹ ó rí oríṣi ilé mẹ́ta tó dúró ti ara wọn. Èkíní ni agboolé amọ̀ tí yàrá rẹ̀ yí àgbàlá ká. Èkejì ni petéèsì tó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ òkè àti òpó tí wọ́n ya ọnà sí, iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn Àgùdà àti Sàró mú wá láti etí òkun. Ẹ̀kẹta ni ilé bíríkì tí àwọn ọmọ ọmọ ń kọ́ sórí ìpìlẹ̀ bàbá wọn. Ní ọ̀pọ̀ ojúlé, ẹ ó rí sàréè baba ńlá níwájú ilé tàbí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ má jókòó lé e, ẹ má gbé ẹrù kà á.

Ọjọ́ kìíní, ọ̀sán: Kúdẹtì àti Òkè-Olúokùn

Kúdẹtì ni òjíṣẹ́ Ọlọ́run David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ fi ṣe ibùjókòó ní 1853. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ ìwé ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ nílùú náà. Àwọn ọmọ Ìjòyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó kàwé. Ẹ kàn sí ṣọ́ọ̀ṣì St David's, kí ẹ kí alábòójútó kí ẹ tó wọ ọgbà.

Kúdẹtì kò jìnnà sí Òkè-Olúokùn, níbi tí Adégòkè Adélabù gbé. Òun ni òṣèlú tí gbogbo mẹ̀kúnnù Ìbàdàn ń tẹ̀ lé kí ikú tó mú un lọ lójijì ní 1958.

Ọjọ́ kejì: àwọn òkè

Ẹ tètè gun Òkè-Ààrẹ kí oòrùn tó mú. Ilé ìṣọ́ Bower wà níbẹ̀ láti 1936, ará ìlú ń pè é ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ tó ń yí po. Ẹni tí orí òkè ń dà láàmú kó dúró sísàlẹ̀.

Òkè yìí kan náà ni ilé Ààrẹ Látòósà wà, ẹni tó darí Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì. Ẹ yà sí Ayéyé, níbi tí ilé Balógun Ìbíkúnlé wà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè Òkè-Ọ̀fà. Orúkọ yẹn á dùn mọ́ ọmọ Ọ̀fà létí. Ibẹ̀ ni ilé ńlá Irefin wà, ẹni tó jẹ Baálẹ̀ láti 1912 sí 1914.

Ohun kan yóò ya ará ọ̀dọ̀ wa lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa, ìdílé ọba ló ń fọba jẹ. Ní Ìbàdàn, olórí agboolé tí ìlú fi jẹ Mọ́gàjí lè di Olúbàdàn, bí ẹ̀mí bá gùn. Yóò gòkè ní ìpele-ìpele, ní ìlà Ọ̀tún tàbí ìlà Balógun. Ẹ rántí èyí bí ẹ bá kí baba kan tó jókòó níwájú ilé amọ̀: ó lè jẹ́ ọba ọ̀la.

Ọjọ́ kẹta: Dùgbẹ̀, Gbági àti Bódìjà

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà irin kan náà ló wá dé Ọ̀fà lẹ́yìn náà. Ilé ìtajà àwọn òyìnbó yí ibùdó rélùwéè náà ká ní Gbági àti Dùgbẹ̀. Owó kòkó ló kọ́ Ilé Kòkó, àjà 26, tí wọ́n parí ní 1965. Bí ẹ bá ti ibẹ̀ lọ sí Bódìjà, ẹ ó rí ìyàtọ̀: ilé ibẹ̀ ní ọgbà àti géètì, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló pín ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹun lọ́sàn-án: àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú, ohun tí wọ́n ń pè ní àbùlà. Bí ọjọ́ ọjà Òjé bá bọ́ sí i, èyí tó ń pé ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún-mẹ́tàdínlógún, ẹ lọ wo aṣọ òfì.

Ìwà àlejò

Ẹ kí onílé kí ẹ tó yọ fóònù láti ya àwòrán. "Ẹ kú ilé o" ń ṣílẹ̀kùn ju owó lọ. Ẹ béèrè Mọ́gàjí tàbí ẹni tó dàgbà jù, kí ẹ sọ ìlú yín àti ilé yín. Bí wọ́n bá gbé àga fún yín, ẹ jókòó. Orí ìjókòó ni ìtàn ti ń jáde. Ẹ má kánjú dìde. Bí ẹ bá bá ọdún Òkè'Bàdàn pàdé ní oṣù kẹta, ẹ mọ̀ pé wọn kì í dáná, ọjà ń tì, orin ìsọkúsọ sì ni àṣà ọjọ́ náà. Ẹ má bínú sí i.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ ó tún kọjá Ìkìrun. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ó ti mọ òkè tí àwọn tó jà níbẹ̀ ti gbéra, ẹ ó ti mọ ojúlé àwọn ọmọ wọn. Bí ẹnìkan nínú ọkọ̀ bá sì béèrè ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ẹ dárúkọ ilé fún un.