Ìdáhùn sí Lẹ́tà Òǹkàwé: Àpáta Tí Omi Bò

"Baba, oṣù mẹ́ta òjò tí ó kọjá ni mo fi wọ ọkọ̀ lórí Odò Ọya, láti Jẹ́bà gba Pàtégì dé Lọ́kọ́jà, kí n lè tún ìwé afọ̀nàhàn tí olóògbé ọ̀gá mi kọ fún àwọn atukọ̀ ṣe. Mo ti padà sílé, ní Òmù-Àrán. Ìdajì àpáta àti ibi ìgúnlẹ̀ tí ó kọ sílẹ̀ ni n kò bá mọ́. Mo fẹ́ pa wọ́n rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ ní mo fẹ́ sọ òkú di òpùrọ́. Kí ni kí n ṣe?" — Arìnrìn-àjò Odò

Ọmọ mi, o kú ewu omi, o kú àjò. Ọmọ Olómù Apẹran, ọmọ Ìgbómìnà tí àwọn baba wa sọ fún wa pé ogbó, àdá tí Ọ̀ràngún mú lọ́wọ́, ni ó mọ ọ̀nà, tí ó sì sìn ín títí dé ibi tí ó tẹ̀dó sí, kò yà mí lẹ́nu pé ọmọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó fi odindi oṣù mẹ́ta wà nínú òjò, kí ẹlòmíràn lè mọ ibi tí yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ gbà.

Ọ̀rọ̀ omi ni n óò kọ́kọ́ bá ọ sọ, kí n tó kan ti ẹbí. Ìgbà òjò ni o lọ. Ìwọ náà sì mọ̀ pé ìkún méjì ni odò náà ń kún: èkíní ni èyí tí òjò ilẹ̀ wa níhìn-ín ń mú wá láàrin Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kẹwàá, tí ó ń ru erùpẹ̀ pupa, èkejì ni èyí tí ó ń ti àwọn òkè Gínì bọ̀, tí ó ń fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú àbàtà Málì, tí ó fi jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wa, ní mímọ́. Àpáta tí ọ̀gá rẹ rí nígbà tí omi fà, tí ìwọ wá a tì nígbà tí omi kún, ta ni ó sọ fún ọ pé kò sí níbẹ̀ mọ́? Omi tí ó kún kì í mú àpáta kúrò, ó kàn ń bò ó ni: ní Oṣù Kẹwàá 1857 ni ọkọ̀ Dayspring forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, tí ó sì fọ́. Glover, ẹni tí ó padà di alákòóso Èkó, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti ya àwòrán odò náà, wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún.

Òótọ́ ni pé nǹkan yí padà. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí ìsédò Kàǹjì ní 1968, tí omi rẹ̀ sì bo Bùsá àtijọ́ mọ́lẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ti wọ inú bí odò náà ṣe ń kún àti bí ó ṣe ń fà. Iyanrìn a sì máa ṣí nípò. Nítorí náà, má pa ohunkóhun rẹ́. Kọ tìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, kí o sì fi oṣù, ọdún àti bí omi ti ga tó sí ìdí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí o gbọ́ lẹ́nu atukọ̀ Tápà, kọ ọ́ pé o gbọ́ ọ ni. Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ ọ̀gá rẹ. Àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ń bẹ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní 1945, a kò sì mọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn títí dòní. Èmi kò fẹ́ kí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ di aláìlórúkọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni kí ó ṣáájú nínú ìwé náà, nítorí bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbé ojú ìwé méjèèjì, tirẹ̀ àti tìrẹ, lọ fi han àwọn ẹbí rẹ̀. Wọn yóò rí i pé ọ̀gá rẹ kò purọ́: odò ni ó ṣí kúrò nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Má fi iṣẹ́ yìí ṣeré. Ní Oṣù Kẹfà 2023, àwọn tí wọ́n ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ wá sí ìhà Pàtégì wọ ọkọ̀ lóru. Wọ́n ní igi tí ó wà lábẹ́ omi ni ọkọ̀ náà kọlù, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tí ó bá a lọ. Mi ò lè ka ọ̀rọ̀ yẹn kí omi má bọ́ lójú mi. Irú igi bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí o máa wá.

Kọ èyí tí o rí sílẹ̀ nísinsìnyí, kí oorun ilé tó gbà á lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n má tíì gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Padà lọ ní Oṣù Kẹrin, nígbà tí omi bá fà, kí o sì mú ìwé àtijọ́ náà dání. Bí o bá dé, kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ mọ èwo nínú àwọn àpáta ọ̀gá rẹ ni ó yọjú.