Kí Katapílà Tó Dé

Ẹ̀yin ará Ìlúpéjú-Èkìtì, ẹ má sùn. Ọmọkùnrin tó gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ nínú igbó, tó ń di ojú kan wò ó, kì í ṣe ọdẹ. Ilẹ̀ yín ló ń wọ̀n. Bí ẹ bá jẹ́ kó dá a wọ̀n, ohun tí kò rí kò ní sí nínú àwòrán tó máa gbé lọ sí Adó-Èkìtì.

Ta ni yóò sọ fún un pé àkúrọ̀ tó gbẹ lẹ́ẹ̀rùn yìí, odò ni lóṣù kẹsàn-án? Ta ni yóò fi igbó tí a kì í dá oko sí hàn án, tàbí àlàpà tí a sin àwọn baba ńlá sí?

Ìbàdàn kọ́lé dí ojú omi. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gba ọ̀nà rẹ̀ padà. Ní ọdún 2011, àgbàrá tún pa èèyàn tó lé ní 100 nílùú kan náà. Ìwọ tó ń ta àkúrọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé, omi lo tà fún un.

Nítòsí wa níhìn-ín, ní ọdún 2015, katapílà wó oko kòkó nítorí pápákọ̀ òfuurufú Adó. Àwọn àgbẹ̀ pẹjọ́, ilé-ẹjọ́ sì fagi lé bí ìjọba ṣe gba ilẹ̀ náà. Wọ́n jàre, ṣùgbọ́n kòkó tó ti wó kò dìde mọ́.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba oko yín, owó ohun ọ̀gbìn àti ilé orí rẹ̀ lẹ ó rí, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ ń tà lọ́jà. Lóòótọ́, òfin àyẹ̀wò àyíká ti ọdún 1992 ní kí ará ìlú rí àyè sọ tẹnu wọn kí ìjọba tó fọwọ́ sí iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nítorí náà, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan àgbẹ̀, ọdẹ àti ìyá tó mọ orísun omi. Kí wọ́n rin ilẹ̀ náà pẹ̀lú ọ̀dọ́ tó mọ fóònù lò, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì sàmì sí odò, igbó, ibojì àti ààlà lórí àwòrán náà. Kí gbogbo ẹbí fẹnu kò lé e lórí níwájú Kábíyèsí, kí ẹ̀dà àwòrán náà sì dé ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́.

Ìlú péjú lorúkọ yín. Ẹ péjú sí ààlà yín lónìí. Bí katapílà bá ṣáájú yín débẹ̀, ẹjọ́ lẹ ó máa rò, ẹ kò ní roko mọ́.