Bí A Ṣe Ń Yẹ Nọ́ńbà Ńlá Wò: Ọ̀ràn 4,294,967,297

Bí a bá sọ 2 méjìlélọ́gbọ̀n di púpọ̀ pọ̀, tí a sì fi 1 kún èsì rẹ̀, 4,294,967,297 ni yóò jáde. Ibi tí nọ́ńbà ti ṣẹ̀ báyìí ni kí ọ̀dọ́ oníṣirò kọ́kọ́ wò, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in.

Àwọn márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀ nínú ẹbí àwọn nọ́ńbà tí a ń rí lọ́nà yìí, bí iye 2 tí a sọ di púpọ̀ ṣe ń di ìlọ́po méjì, ni 3, 5, 17, 257 àti 65,537. Kò sí èyí tó ṣeé pín dọ́gba nínú wọn, àfi kí a fi 1 tàbí òun fúnra rẹ̀ pín in. Irú bẹ́ẹ̀ là ń pè ní nọ́ńbà àìṣeépín níhìn-ín. Pierre de Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rò ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé bákan náà ni gbogbo ìyókù yóò rí. Ní 1732, Leonhard Euler fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ márùn-ún kì í ṣe ẹ̀rí, bó ti wù kí wọ́n bára mu tó.

Àyẹ̀wò tó rọrùn ló ń ṣáájú. 7 ló parí nọ́ńbà náà, nítorí náà 2 àti 5 kò lè pín in. Àròpọ̀ àwọn ẹyọ rẹ̀ jẹ́ 59, nítorí náà 3 kò lè pín in. Lẹ́yìn èyí, kí a mọ ibi tí wíwá yóò dópin: 65,536 lọ́nà 65,536 jẹ́ 4,294,967,296, kò sì sídìí láti wá kọjá ibẹ̀. Síbẹ̀, nọ́ńbà àìṣeépín 6,542 ló wà lábẹ́ 65,536. Euler fi ẹ̀rí dín iṣẹ́ náà kù: èyí tó bá lè pín nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 1 nígbà tí a bá fi 64 pín òun náà. Àwọn nọ́ńbà àìṣeépín tó kọ́kọ́ bá òfin yìí mu ni 193, 257, 449, 577 àti 641. Ìkarùn-ún ló pín in: 641 lọ́nà 6,700,417.

Iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Ó yẹ kí a yẹ 6,700,417 náà wò. Òfin kan náà ló dè é, wíwá rẹ̀ kò sì kọjá 2,588. Kò sí èyí tó pín in, àìṣeépín ni. Nítorí náà, mẹ́rin péré ni nọ́ńbà tó lè pín 4,294,967,297 dọ́gba: 1, 641, 6,700,417 àti òun fúnra rẹ̀. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 4,301,668,356.

Ó dára kí èsì ní ẹlẹ́rìí kejì. Bí a bá sọ 65,536 àti 1 di púpọ̀, kálukú pẹ̀lú ara rẹ̀, tí a sì ro èsì méjèèjì pọ̀, nọ́ńbà wa ni yóò jáde. 62,264 àti 20,449 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà àìṣeépín kì í ní irú ọ̀nà yìí ní méjì.

Kí ọ̀dọ́ oníṣirò máa kọ ẹ̀rí sílẹ̀ pẹ̀lú èsì, kí ẹlòmíràn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kó sì rí i pé òótọ́ ni.