Iṣẹ́ Ọnà Tí Ń Bọ́ Oníṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Lára Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀

Kíkà: Òwe 31:10-31

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin arábìnrin, obìnrin tí a kà nípa rẹ̀ yìí kò kàn mọ aṣọ í hun. Ó mọ̀ ọ́n tà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa tí ń rẹ àdìrẹ tàbí tí ń sin ìlẹ̀kẹ̀ ti ń kọsẹ̀. Iṣẹ́ wa dára, owó rẹ̀ ni kì í dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wo aládùúgbò wa kan. Èfọ̀n-Aláàyè ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére ní nǹkan bí 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀, ìtòsí Èmùré níbí, ló fi ṣe ilé. Ó ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, síbẹ̀ kò jókòó ti ààfin kan ṣoṣo. Láàrin 1910 sí 1914 ó gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́; ó ṣe ti Ìdànrè, ó ṣe ti Iléṣà. Bí ọba kan kò bá kọ́lé lọ́dún yìí, òmíràn lè máa kọ́ ọ. Ó ń gbẹ́ abọ́ obì onídèérí pẹ̀lú, ó sì ní àwọn ọmọ-iṣẹ́, nítorí ọwọ́ ẹnì kan kò lè ká iṣẹ́ ilé ọba.

Ní 1924 wọ́n gbé ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley, Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ló gbà dípò rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó ni ìlẹ̀kùn ló ṣe pàṣípààrọ̀, kì í ṣe ẹni tó gbẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí a bá ti tà ti kúrò lọ́wọ́ wa. Iye tí a dá lé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni tiwa.

Ká ní aṣọ, aró, àbẹ́là àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦9,000, tí a sì fi ọjọ́ 2 ṣe é. Bí alágbàṣe bá ń gba ₦3,000 lójúmọ́, ó ti di ₦15,000 kí èrè tó dé. Èmi náà ti ta irú rẹ̀ ní ₦10,000 rí, mo sì ń yọ̀ pé mo jèrè ₦1,000! Nígbà tí mo padà sọ́jà, aró ti gbówó lórí, ni mo bá yáwó.

Ẹ má tijú láti gba àsansílẹ̀, kódà lọ́wọ́ ọmọ ìjọ. (Ọmọ ìjọ gan-an ló máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ ná.") Kí owó ohun èlò sì wà lọ́tọ̀ sí owó ọbẹ̀.

Fún ìjíròrò: Kí oníkálukú mú iṣẹ́ kan wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó ná lé e lórí. Bí oníbàárà yín tó ń rà jù kò bá wá mọ́, ta ló kù?