Ẹ Má Fi Atọ́ka Pamọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń kọ ìwé ìlànà fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà, ìwé yín ti ń gùn jù. Ti PostgreSQL, tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn, ju 2,000 ojú ìwé lọ. Ta ló fẹ́ ka ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nígbà tí iṣẹ́ bá dẹnu kọlẹ̀ lóru? Atọ́ka, ibi tí ẹ to àwọn ọ̀rọ̀ sí pẹ̀lú ibi tí wọ́n wà nínú ìwé, ni òǹkàwé yóò wá. Ẹ jẹ́ kó rí i.

1. Ẹ gbé e sókè. Ẹni tó bá di ìwé títẹ̀ mú mọ̀ pé ẹ̀yìn ni atọ́ka ń wà, ọwọ́ rẹ̀ á ṣí ibẹ̀ láìronú. Lójú kọ̀ǹpútà, ìwé kò lẹ́yìn. Síbẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá àkóónú ni atọ́ka PostgreSQL wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn gbogbo àfikún. Atọ́ka gidi ni o, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fa ojú ìwé dé ìdí kò ní mọ̀ pé ó wà. Ẹ wo ti Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù: líǹkì “index” wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ojú ìwé yòówù kéèyàn wà. Sphinx, irinṣẹ́ ìkọ̀wé ìlànà tí Georg Brandl gbé jáde ní 2008, ni wọ́n fi ń ṣe é. Kí ẹ̀yin tó ń lo Sphinx má kàn fọkàn balẹ̀ o. Bí ẹ bá yan ìrísí mìíràn fún ìwé yín, Sphinx lè ṣe atọ́ka tán kó má sí líǹkì kankan tó lọ síbẹ̀, bí ìgbà téèyàn gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé tó ti tì pa.

2. Ẹ̀yin tó ń fi LaTeX kọ̀wé, \printindex kì í fi atọ́ka sínú àkóónú fúnra rẹ̀. Ẹ lo imakeidx, kí ẹ kọ \makeindex[intoc]. Ó tán.

3. Ẹ má sọ fún mi pé àpótí ìṣàwárí ti tó. Ibí lẹ ti máa ń bá mi jiyàn jù. Ẹni tó rí := tàbí @ nínú kóòdù ẹlòmíràn, kí ni kó tẹ̀ sínú àpótí náà? Ọ̀pọ̀ irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni kì í ka àmì sí rárá. Nínú atọ́ka Python, àwọn àmì ló ṣáájú lẹ́tà A, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé mọ̀ ló máa wá, kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin kọ. Ẹni tó fẹ́ pa odindi tábìlì rẹ́ nínú PostgreSQL lè máa wá “delete”, DROP TABLE sì ni àṣẹ tó nílò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà sínú atọ́ka, kó darí rẹ̀ síbi tó yẹ.

4. Ẹ fún òǹkàwé ní bọ́tìnì kan. Nínú Info, ètò GNU tí wọ́n fi ń ka ìwé ìlànà, èèyàn á tẹ lẹ́tà i, á kọ ọ̀rọ̀ tó ń wá, á sì dé ibẹ̀. Bí ibi àkọ́kọ́ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kámà ni yóò gbé e lọ síbi tó kàn. Mi ò tíì rí èyí tó yá ju ìyẹn lọ.

5. Bí ẹ bá ń kọ atọ́ka ní Yorùbá, ẹ yẹ bí kọ̀ǹpútà ṣe to ọ̀rọ̀ wò. Bí ẹ bá dá a dá a, ẹ̀yìn z ló lè ju ẹ àti ọ sí, ó sì lè da gb pọ̀ mọ́ g. Ẹni tó ń wá “ọ̀nà” kò ní wo ẹ̀yìn z láéláé.

6. Kí ìwé tó jáde, ẹ gbé e fún ẹni tí kò bá yín kọ ọ́. Ẹ ní kó wá atọ́ka, kí ẹ sì panu mọ́. Bó bá bi yín pé ibo ló wà, ẹ má dá a lóhùn; ẹ padà sí ìmọ̀ràn kìíní.