Dókítà Lambo ti Aro, àti Ìtọ́jú Àwọn Tí Orí Wọ́n Dàrú

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Agége, Ìkẹjà àti agbègbè wọn, kò sí ẹni tí kò mọ ilé kan tí ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣí. Àwọn aládùúgbò mọ ìdí rẹ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́. Ọmọ kan ni ó wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ ti dàrú. Bóyá wọ́n ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, bóyá wọ́n ti gbé e lọ sí ilé àdúrà kan rí níbi tí a ti ń nà án ní pàṣán. Nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ̀wé yìí, nípa ọkùnrin kan tí ó fi hàn pé a lè tọ́jú wèrè láìlo ẹ̀wọ̀n.

Thomas Adéoyè Lambo ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, 1923. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Baptist Boys' High School ti ìlú náà, ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ni ó kọ́ ìmọ̀ àrùn ọpọlọ ní London. Ní àkókò náà, ilé tí ìjọba òyìnbó ṣí ní Yábà ní 1907 jẹ́ ibi ìpamọ́ ju ibi ìwòsàn lọ. Wọ́n a ti aláìsàn mọ́ ibẹ̀, kí ó má baà da ìgboro rú.

Ní 1954 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tuntun tí a ń kọ́ ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ilé náà kò tíì parí, ibùsùn kò sì tó. Ẹlòmíràn ìbá dúró de àwọn bíríkìlà. Lambo tọ àwọn àgbààgbà abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká lọ, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Òfin kan ni ó ṣe: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí rẹ̀ kan, ìyá, àbúrò tàbí ìyàwó, ni yóò bá a gbé, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Ní òwúrọ̀ wọn a lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá di ọ̀sán wọn a padà sí abúlé, aláìsàn a sì bá àwọn ará ibẹ̀ lọ sí oko. Àwọn ará abúlé pẹ̀lú jèrè. Owó ilé ń wọlé, a yá wọn lówó láti tún ilé wọn ṣe, a fa omi ẹ̀rọ wá, a gbẹ́ ṣáláńgá, a sì gbógun ti ẹ̀fọn.

Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́ láàárín àwọn aláìsàn. Èyí lè kọ àwa ará ìjọ lóminú. Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n mọ ohun tí ó ń ba àgbẹ̀ Ẹ̀gbá lẹ́rù lóru, dókítà náà sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé afẹ́fẹ́ abúlé nìkan ni ó wò wọ́n sàn. Ní 1952 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí fi oògùn tí a ń pè ní Largactil tọ́jú irú àìsàn yìí, àwọn oògùn òde òní sì ni Aro ń lò. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ igi asofẹ́yẹjẹ. Láti ara ẹbí igi náà tí ó wà ní Íńdíà ni a ti rí oògùn reserpine ní 1952 kan náà. Àwọn baba wa kò ṣìnà nígbà tí wọ́n ń fi asofẹ́yẹjẹ mú wèrè sùn. Síbẹ̀, ẹ má ṣe bó èèpo rẹ̀ fún aláìsàn nílé: ó ń fa ìfúnpá wálẹ̀ gidigidi, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì hàn nínú ìkòkò àgbo.

Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé dókítà òyìnbó kan jáde, J. C. Carothers, tí ó fi èrò inú ọmọ Áfíríkà sí ẹ̀yìn ti òyìnbó. Ìwádìí ni Lambo fi dá a lóhùn. Ní 1961 ó pe àwọn dókítà ọpọlọ Áfíríkà jọ sí Abẹ́òkúta, ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wádìí ìlera ọkàn àwọn ènìyàn ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé rẹ̀, wọ́n sì rí i pé irú àìsàn tí Leighton ti rí ní Kánádà ni ó wà níhìn-ín pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí, Àjọ Ìlera Àgbáyé wádìí schizophrenia, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí àwa ń pè ní wèrè, ní orílẹ̀-èdè 9, lára aláìsàn 1,202. Ìbàdàn, níbi tí Lambo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1963, jẹ́ ibùdó kan. Nígbà tí ọdún 2 pé, ara àwọn aláìsàn Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà yá ju ti àwọn tí ó wà ní London àti Washington lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́ka sí ẹbí. Lambo ṣe igbá-kejì olórí Àjọ náà láti 1973 títí di 1988. Ó kú ní oṣù kẹta, 2004.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le fún wa nìyí. Ní abúlé Aro, ìyá lè jókòó ti ọmọ rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ní Ìkẹjà, baba wà ní ilé iṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ yìí àti ti ọ̀sán lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ìyá wà ní ọjà. Ènìyàn 6 ń sùn nínú yàrá kan. Kì í ṣe ìkà ni ó mú wọn ti ìlẹ̀kùn náà; àìráyè ni. Nítorí náà, kí ẹbí pín ọjọ́ mọ́wọ́, kí ẹnì kan má dá a rù. Kí wọ́n bi dókítà nípa abẹ́rẹ́ tí a ń gbà lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, èyí tí ó rọrùn fún ilé tí kò ní ẹni tí yóò máa ka oògùn lójoojúmọ́. Bí ara bá sì yá, ẹ wá iṣẹ́ díẹ̀ fún un. Ẹni tí ó ní oko ẹ̀fọ́ lè mú un dání lọ.

Àìsàn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ìgbà ọ̀dọ́ àti ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀. Aláìsàn a máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, a ní àwọn kan ń dọdẹ òun, oorun rẹ̀ a dàrú, a pa ìwẹ̀ tì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní í tọ̀nà mọ́. Igbó mímu a máa ṣí ọ̀nà fún un. Ibà líle pẹ̀lú lè mú ènìyàn máa sọ ìsọkúsọ, nítorí náà kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ìjọba Èkó wà ní Ìkẹjà. Ilé ìwòsàn Yábà ní ẹ̀ka ní Òṣòdì. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 sì ń dúró ní Agége àti Abẹ́òkúta fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Aro.

Bí ẹ bá ń lọ, kí ẹni tí ó ń bá a gbé ni ó sìn ín. Kí ó kọ ọ́ sí ìwé kékeré ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, bí ó ti ń sùn, ohun tí ó ti jẹ tàbí mu, àti bí irú rẹ̀ bá ti ṣe ẹnì kan nínú ìdílé rí. Kí ó kó gbogbo oògùn àti àgbo tí wọ́n ti fún un dání, kí dókítà lè rí i fúnra rẹ̀.