Ẹ Ṣínà fún Ooru Inú Ìdérí Àpótí Ẹja

Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, ará Ṣakí àti Ìsẹ́yìn ní Òkè-Ògùn mọ bí ooru ṣe ń rí lábẹ́ páànù. Ẹja tí a ń sìn nínú àpótí gíláàsì kò gbẹ́yìn nínú ìyà náà, pàápàá bí gílóòbù bá wà nínú ìdérí tí kò ní ihò. Ọ̀pọ̀ ẹja ọ̀ṣọ́ ilẹ̀ olóoru ń gbádùn omi tó wà láàárín 24 sí 28°C. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú rẹ̀ ń dín kù. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń yọ ẹnu sójú omi lọ́sàn-án, ẹ fura sí ooru.

1. Ẹ tan iná fún wákàtí méjì, kí ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí náà. Bí ọwọ́ kò bá gbà á, ooru ti há síbẹ̀.

2. Ẹ yọ wáyà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ fi LED rọ́pò gílóòbù àtijọ́. Bí iná àtijọ́ náà bá ní ṣóòkù, kí oníṣẹ́ iná gbé e síta, torí òun náà ń gbóná.

3. Ẹ lu ihò mélòó kan sí ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ lu òmíràn sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Atẹ́gùn tútù á gba ìsàlẹ̀ wọlé, èyí tó gbóná á gba òkè jáde. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n nítorí kòkòrò, kí ẹ sì máa gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀.

4. Ẹ de fáànù kékeré bíi ti inú kọ̀ǹpútà, tó ń lo 12 volt, mọ́ ihò òkè, kó máa fa ooru síta. Bátìrì sólà lè gbé e nígbà tí kò bá síná. Ẹ mú fọ́nrán òwú kan síwájú ihò ìsàlẹ̀. Bí ó bá fà wọlé, ó ti dáa. Bí ó bá ń fẹ́ síta, ẹ gbé fáànù sódì nìyẹn.

5. Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ sílẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, kí omi tó bá ń tọ̀ ọ́ lè kán sílẹ̀.

Atẹ́gùn tí fáànù ń fà yìí tún ń tu omi fúnra rẹ̀ lára, gẹ́gẹ́ bí omi inú àmù ṣe ń tutù: bí atẹ́gùn ṣe ń gbẹ omi lára amọ̀, ó ń kó ooru lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn Òkè-Ògùn, tí atẹ́gùn rẹ̀ gbẹ, ló dára jù fún un. Ṣùgbọ́n omi á máa fà, nítorí náà ẹ máa bu díẹ̀díẹ̀ kún un. Ẹ má ju yìnyín sí i; òtútù òjijì lè pa ẹja.

Ẹja kò lè ṣí fèrèsé fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé e wọlé, ẹ bá a ṣí i.